Panápaná ní Onitsha: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn fún Àwa Olùkọ́ni

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, táńkà epo kan ṣubú ní Upper Iweka, ní ìlú Onitsha. Epo ṣàn wọ gọ́tà, iná sì tẹ̀ lé e dé ọjà Ochanja. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ bá a lọ. Ọjà ti jó jìnnà kí ọkọ̀ panápaná tó ti Asaba sọdá Odò Ọya wá.

Iṣẹ́ panápaná kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Ọdún 1901 ló bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọlọ́pàá Èkó. Òfin ọdún 1963 sì sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í pa iná. Omi, ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ló ń pa á. A kì í sì í kọ́ iṣẹ́ panápaná lọ́jọ́ tí iná bá ń jó.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa: ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀kọ́ nípa iná kún ohun tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la, kí ọmọ Onitsha lè ti kílé ẹ̀kọ́ nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.