Ìdánimọ̀ Oníṣẹ́ O.T. àti Ìtọ́jú Aláàrùn Rọpárọsẹ̀ ní Ìlọrin: Èsì sí Èrò Kan

Èrò kan ti ń fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ìlera wa pé àríyànjiyàn lórí ìdánimọ̀ àwọn oníṣẹ́ occupational therapy, tí a ó máa pè ní O.T. bí wọ́n ti ń pè é nílé ìwòsàn, kò ju ìjà ipò lọ. Òfin Kejìdínlógójì ọdún 1988 ni wọ́n fi ń gbe èrò náà lẹ́sẹ̀. Òfin yìí ló dá ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn oníṣẹ́ ìmúbọ̀sípò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì kó físíò àti O.T. sábẹ́ òrùlé kan. Wọ́n ní bí ìgbìmọ̀ bá ti jẹ́ ọ̀kan, kí aláìsàn ṣáà ti dìde. Orúkọ tí ẹni tó gbé e dìde ń jẹ́ kò kàn án. Èrò náà dùn létí, pàápàá níbi tí òṣìṣẹ́ kò ti tó. Àmọ́ ìforúkọsílẹ̀ ló ń sọ nípa rẹ̀, kò tíì sọ ohunkóhun nípa ìtọ́jú.

Ohun tí O.T. jẹ́ ti yé àwọn òǹkàwé ìwé yìí, a kò ní dúró lórí rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ló yẹ ká rántí díẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1917, àwọn ènìyàn díẹ̀ pàdé ní Clifton Springs ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Dókítà ọpọlọ wà láàárín wọn, ìyẹn William Rush Dunton. Ṣùgbọ́n ayàwòrán-ilé ni George Barton tó pè wọ́n jọ. Aláìsàn ni òun fúnra rẹ̀ rí: wọ́n ti gé lára ẹsẹ̀ rẹ̀, apá òsì rẹ̀ sì ti rọ. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà sún mọ́ ọ̀nà àwọn dókítà, ó ń wọn agbára iṣan, ó ń wo ibi tí oríkèé lè tẹ̀ dé. Mary Reilly pè é padà sí orírun rẹ̀, ìyẹn lílo iṣẹ́ fún ìwòsàn, ní 1961. Gary Kielhofner tẹ̀lé e ní 1980. Ní 2006, Michael Iwama mú àwòṣe Kawa wá láti Japan, ó sì béèrè bóyá gbogbo ayé ló ka dídá-dúró-ṣe-nǹkan sí góńgó ìlera.

Nílé wa níbí, Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró, Abẹ́òkúta, ní 1954. Aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín ará abúlé, ìbátan rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, oko sì wà fún un láti ro. Àwọn tó ń jáde lónìí láti ẹ̀ka ìmúbọ̀sípò ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àti láti ilé ẹ̀kọ́ O.T. ti ìjọba àpapọ̀ ní Oshòdì, jogún ìtàn méjèèjì yìí.

Kókó ọ̀rọ̀ wa rèé. Ní 1995, Catherine Trombly pààlà sáàárín iṣẹ́ tí a fi ṣe ọ̀nà ìwòsàn àti iṣẹ́ tó jẹ́ òpin ìwòsàn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ka ààlà yìí bí ẹni pé inú iṣẹ́ tí a gbé fún aláìsàn ló wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú aṣọ híhun. Bí akọ̀wé ìjọba tí ìka rẹ̀ ti wú bá ń hun aṣọ kí ìka náà lè rọ̀, ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ahunṣọ òkè kan ní Ìlọrin tí rọpárọsẹ̀ mú lápá ọ̀tún. Ó jókòó sídìí òfì, ẹrù òkúta fa òwú le ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ìtẹ̀sẹ̀, ọkọ̀ òwú sì gbọ́dọ̀ kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì kó tún padà. Oúnjẹ ilé rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ládùúgbò sì ni. Òpin nìyẹn.

Oníṣẹ́ tó gbà pé àtúnṣe apá ni iṣẹ́ òun yóò wọn ìdìmú ọwọ́ náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí ìdìmú kò bá yí padà mọ́, yóò kọ ọ́ sínú fáìlì pé ìtọ́jú parí. Ẹni tó gbà pé ìgbé-ayé aláìsàn ni iṣẹ́ òun yóò béèrè bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì lè tẹ ìtẹ̀sẹ̀. Bóyá ọmọ rẹ̀ lè máa ju ọkọ̀, kí bàbá máa yan àwọ̀, kó máa darí bátànì, kó sì máa bá oníbàárà dúnàádúrà. Ìwọ̀n ìdìmú kan náà ni àwọn méjèèjì rí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún fi hàn ju èyí lọ. Láti kọ́ aláìsàn bẹ́ẹ̀ bí yóò ṣe fi ọwọ́ òsì jẹun tọ̀nà nínú ìwé. Ní Ìlọrin, bàbá náà lè máa dúró kí gbogbo ilé jẹun tán kó tó fọwọ́ kan tirẹ̀, nítorí ojú ń tì í láti fi ọwọ́ òsì jẹun níwájú wọn. Àwọn kan yóò ní oúnjẹ ṣáà ń wọnú. Oníṣẹ́ O.T. tó mọ ara rẹ̀ yóò bá òun àtìyàwó rẹ̀ jókòó, yóò mú kí èèkù ṣíbí nípọn kí ọwọ́ ọ̀tún lè ṣèrànwọ́, yóò sì ní kí ààfáà ìdílé sọ fún un pé ẹ̀sìn gba àwáwí aláìsàn. Yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan tẹ búútà ṣe àlùwàlá lórí ìjókòó.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni pé nọ́ọ̀sì tàbí físíò tó láàánú lè ṣe gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń ṣe nítorí àánú ni yóò kọ́kọ́ fò lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ohun tó mọ̀ pé wọn yóò bi òun léèrè lé lórí ni yóò dúró ti.

A kò sọ pé ìdánimọ̀ nìkan ló ń pinnu ìtọ́jú. Owó, àyè àti iye aláìsàn tó wà lórí ìlà ní ipa tiwọn. Ó kàn ṣòro fún wa láti rí bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é ṣe máa béèrè ìbéèrè tó yẹ.

Ìwádìí tó kàn ti ń pè wá. Ìwọ̀n Barthel, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1965 tí ilé ìwòsàn káàkiri ayé sì ń lò, ní ohun mẹ́wàá: jíjẹun, wíwọṣọ, wíwẹ̀, gígun àtẹ̀gùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 100. Àtẹ̀gùn gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí agbo ilé rẹ̀ kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí ìforíkanlẹ̀ níbẹ̀, kò sí àlùwàlá, kò sí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Èrò wa ni láti kó àkójọ tiwa jọ lẹ́nu àwọn aláìsàn ní Òkèlele, ní Ìpàtà àti láwọn agbo ilé tó yí Ọjà Ọba ká: kí ni ẹ fẹ́ tún lè ṣe? Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tó ń tọ́jú aláàrùn rọpárọsẹ̀ ní Kwara, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdáhùn ìbéèrè yìí sínú fáìlì, ní èdè tí aláìsàn fi sọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ ká jọ ṣe é.