Hawala: Owó Tí Kò Rin Ọ̀nà

Bí hawala ṣe ń jáde lẹ́nu àwọn oníròyìn, ènìyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé orúkọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kan ni. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní èdè Lárúbáwá mọ̀ pé kí á yí nǹkan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Wọ́n gbà á wá pé Abdullah bn Zubayr máa ń gba dírhámù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní Mẹ́kà, a sì kọ ìwé fún wọn sí àbúrò rẹ̀, Mus'ab, ní Ìráàkì, kí wọ́n lọ gba owó wọn níbẹ̀. Wọ́n bi Ibn Abbas, ó ní kò burú. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ òfin jiyàn lé e lórí: ẹni tó yáni lówó ní Mẹ́kà tó gbà á ní Ìráàkì ti bọ́ lọ́wọ́ olè ojú ọ̀nà, àbí èlé ni ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn? Ta ni ó yẹ kó san owó ẹ̀rù ọ̀nà?

Nígbà tí ìjọba Siad Barre ṣubú ní Sòmálíà lóṣù kìíní ọdún 1991, àwọn báńkì ilẹ̀ náà bá a lọ. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí báńkì tí yóò gbé owó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Burao. Hawala ló kù. Á kó owó fún aṣojú nínú ṣọ́ọ̀bù, aṣojú á tẹ fóònù tàbí fáàsì, ìyá á lọ gba tirẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bi í ní ọmọ ta ni, ìdílé wo. Owó gan-an kò tíì kúrò níbì kankan. Lẹ́yìn náà ni àwọn aṣojú á fi ọjà tí wọ́n ń kó wọ̀lú ṣírò rẹ̀ láàárín ara wọn. Nǹkan bíi dọ́là 5 nínú 100 ni owó iṣẹ́ wọn.

Ní November 7, 2001, Amẹ́ríkà ti Al-Barakaat, tó tóbi jù nínú wọn, pa pé ó ń ran agbésùmọ̀mí lọ́wọ́. Owó tó wà lọ́wọ́ wọn há. Ní 2004, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ tó wádìí ìkọlù September 11 kọ ọ́ pé ẹ̀sùn náà kò fìdí múlẹ̀. Báńkì tó níwèé àṣẹ, ní Florida, ni àwọn oníṣẹ́ ibi náà fi gba owó.

Ní ìparí 2012, Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn bílíọ̀nù dọ́là 1.9 lé HSBC lórí, pàápàá nítorí owó àwọn oníṣòwò oògùn olóró ní Mẹ́síkò. Ìbẹ̀rù mú àwọn báńkì yòókù. Lọ́dún 2013 Barclays ní òun yóò ti àkáǹtì ọ̀pọ̀ ilé afowóránṣẹ́, Dahabshiil tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 sì wà lára wọn. Mẹ́síkò ṣẹ̀, wọ́n ní kí ìyá Burao wá san án! Dahabshiil pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá Barclays dúró lóṣù November. Ní April 2014 wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn, Barclays fún un láyè díẹ̀ kó fi wá báńkì mìíràn.