Àrùn iyèríra nínú ajá

Àrùn iyèríra nínú ajá jẹ́ àìsàn ọpọlọ tí ó máa ń ṣe àwọn ajá tí ó ti darúgbó. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ba ìrántí, òye àti oorun ajá jẹ́. Kò ní ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìtọ́jú lè mú kí ayé rọ ajá náà lọ́rùn.

Ohun tí ó fà á

Nínú àrùn yìí, ọpọlọ ajá a máa súnkì, èròjà pùrótéènì kan tí à ń pè ní beta-amyloid a sì máa gbá jọ sínú rẹ̀. Èròjà yìí kan náà ni ó ń gbá jọ sínú ọpọlọ ènìyàn tí ó ní àrùn Alzheimer.

Àwọn àmì

Ajá náà lè ṣìnà nínú ilé tí ó ti ń gbé láti kékeré, tàbí kí ó dúró ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí kì í ṣí. Ó lè má dá ẹni tí ó ni ín mọ̀ mọ́. Ó lè máa sùn lọ́sàn-án, kí ó sì máa rìn kiri tàbí kí ó máa gbó lóru. Ó tún lè máa tọ̀ tàbí kí ó máa yàgbẹ́ sínú ilé. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Kalifọ́níà ní Davis gbé jáde ní ọdún 2001 rí ó kéré tán ẹyọ kan nínú irú àmì wọ̀nyí lára ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ajá ọmọ ọdún 11 sí 12, àti ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 15 sí 16.

Àyẹ̀wò

Oríkèé ríro, ìfọ́jú, etí dídi, àìsàn kíndìnrín àti àkóràn àpò ìtọ̀ lè fara jọ àrùn yìí. Nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ṣeé tọ́jú, oníṣègùn ẹranko ní láti yẹ ajá náà wò kí a tó gbà pé iyè rẹ̀ ni ó ń ra.

Ìtọ́jú

Ní ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílo oògùn selegiline fún àrùn yìí. Nínú ilé, ó dára kí àkókò oúnjẹ àti ti ìrìn má máa yí padà, kí àga àti tábìlì wà ní ipò wọn, kí iná díẹ̀ máa tàn lóru, kí a tẹ́ ẹní sí ilẹ̀ tí ó ń yọ̀, kí a sì máa mú ajá náà jáde lemọ́lemọ́ láti tọ̀. Eré àti ẹ̀kọ́ kéékèèké ń ran ọpọlọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ajá tí ó tọ̀ sílé nítorí àrùn yìí kò ṣàìgbọràn; nínà kò lè kọ́ ọ lọ́gbọ́n, ẹ̀rù nìkan ni yóò dá kún ìdààmú rẹ̀.

Bí àrùn náà bá le dé ibi tí ajá kò lè jẹun tàbí sinmi mọ́, ẹni tí ó ni ín lè bá oníṣègùn sọ̀rọ̀ nípa fífi abẹ́rẹ́ pa á láìsí ìrora.