Oríkì àti Àmì Ọrùn: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ ní Ìwà Rere ní Agbègbè Adja-Ouèrè

Ní àkókò tí Faransé ń ṣèjọba ní Dàhòmì, ohun kékeré kan wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ bẹ̀rù ju ẹgba lọ. Ó lè jẹ́ egungun ẹran, ó lè jẹ́ ìkarahun ìgbín, ó sì lè jẹ́ pákó pẹlẹbẹ tí a so mọ́ okùn. Signal ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí ó bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni wọn yóò gbé e kọ́ lọ́rùn. Kò ní bọ́ lọ́rùn rẹ̀ àfi bí ó bá gbọ́ tí ọmọ mìíràn ṣe irú àṣìṣe kan náà, tí ó sì gbé e kọ́ onítọ̀hún lọ́rùn. Ẹni tí àmì náà bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìparí bá dún ni ìyà ọjọ́ náà tọ́ sí.

Àwọn tí ó gbé àmì yìí rí, bàbá àgbà àti ìyá àgbà ni wọ́n lónìí. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ààfin kan bá fẹ́ jíròrò lórí bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò ṣe máa hùwà rere, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó gbé signal kalẹ̀ kò sọ pé ìkà ni àwọn ń ṣe. Ìwà rere ni wọ́n ní àwọn ń kọ́ ọmọ.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé

Ilẹ̀ Adja-Ouèrè wà láàárín Sakété ní gúúsù, Pobè ní ìlà-oòrùn àti Kétu ní àríwá. Ní gbogbo agbègbè yìí, kí aláwọ̀ funfun tó dé, a kò fi ẹ̀kọ́ ìwà sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Àgbà tí ó bá rí ọmọ tí ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkí i, kò ní béèrè bóyá ọmọ òun ni tàbí ọmọ aládùúgbò kí ó tó pè é padà. Bí wọ́n bá rán ọmọ níṣẹ́, a ń wo bí ó ṣe jẹ́ ẹ: ṣé ó pẹ́ lọ́nà, ṣé ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an, ṣé owó tí ó kù pé? Ní alẹ́, àlọ́ ìjàpá ń fi ìtìjú olójúkòkòrò han ọmọ láìdárúkọ ọmọ kankan tí ó jókòó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó jinlẹ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni oríkì. Ní òwúrọ̀, ọmọ tí ó bá kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ àgbà kì í gba ìdáhùn lásán. Ìyá àgbà yóò pe oríkì rẹ̀: Àyìnkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àjàní, Àkànní. Àyìnkẹ́ ni ẹni tí a ń yìn tí a sì ń kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni tí a ń bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò bọ́ sórí oríkì orílẹ̀, tí yóò máa ka iṣẹ́ àwọn baba ńlá ọmọ náà sí i létí: ìlú tí wọ́n tẹ̀dó, ogun tí wọn kò sá fún, ohun tí wọn kì í jẹ àti ohun tí wọn kì í ṣe. Ọmọ tí a bá ti fi ọlá ilé rẹ̀ kí ní òwúrọ̀, yóò nira fún un láti fi ọwọ́ kan ohun olóhun ní ọ̀sán. Ohun tí àwọn àgbà rí nìyí tí wọ́n fi ní, “Yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe mìíràn.”

Ìbáwí gbangba náà wà, ó sì ní ìlànà tirẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí Kétu àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ fi lókìkí, tí UNESCO sì kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé kí ó tó wọ inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2008, ní òru tirẹ̀ tí a ń pè ní òru Ẹ̀fẹ̀. Ní òru náà, ẹni tí ó gbé Ẹ̀fẹ̀ yóò kọ́kọ́ júbà: yóò júbà àwọn ìyá, yóò júbà òrìṣà, yóò júbà àwọn àgbà. Lẹ́yìn ìjúbà ni yóò wá fi orin bá òpùrọ́, olè àti aninilára wí, kò sì ní dá ìjòyè sí bí ìjòyè bá ṣe ohun tí kò tọ́. Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ń rí i pé ìwà ni a ń fi ṣẹ̀sín, kì í ṣe ìdílé tí a ti bí ènìyàn. Wọ́n sì ń rí i pé ẹni ńlá pàápàá wà lábẹ́ ìbáwí.

Kò yẹ kí a pọ́n ayé àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Pàṣán wà nílé Yorùbá, àwọn òbí mìíràn sì lò ó kọjá ààlà. Síbẹ̀, òwe fi ààlà náà lélẹ̀: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ìbáwí tí kò ní ọwọ́ òsì nínú, àwọn àgbà kò kà á sí ẹ̀kọ́.

Ìwé àti ìjọba dé papọ̀

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tí ó pín ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, tí wọ́n jẹ́ ti ìjọba Kétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú tí àwọn ènìyàn fi wo Faransé kò dọ́gba. Fún àwọn ará Kétu, tí ogun Dànhòmè fọ́ ìlú wọn ní 1886, wíwá Faransé ni ó jẹ́ kí wọ́n lè padà wálé ní 1894. Ṣùgbọ́n fún àwọn Ọ̀họ̀rí, owó orí àti iṣẹ́ àṣekára ni ìjọba tuntun jẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi dìde sí i ní 1914 àti 1915. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba dé irú agbègbè bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan náà tí ó gba owó orí ni àwọn òbí rí tí ó wá gba ọmọ.

Àwọn aláṣẹ kò fi èrò wọn pamọ́. Ní 1917, Georges Hardy, tí ó jẹ́ ọ̀gá àbójútó ẹ̀kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Faransé, tẹ ìwé kan jáde tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Une conquête morale. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibọn ti ṣẹ́gun ilẹ̀. Ó kù kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣẹ́gun ọkàn. Ní oṣù Karùn-ún, 1924, àṣẹ tí ó tún ètò ẹ̀kọ́ tò fún gbogbo agbègbè náà là á kalẹ̀ pé èdè Faransé nìkan ni kí a lò ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ka èdè ìbílẹ̀ léèwọ̀ fún olùkọ́ láti bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ.

Ẹ̀kọ́ ìwà kò sí lẹ́yìn nínú ètò yìí. Láti ìgbà òfin 1882 ní ilẹ̀ Faransé ni ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí àti ojúṣe ọmọ ìlú ti wà lára ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ. Olùkọ́ a kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, nípa ìmọ́tótó, òtítọ́ tàbí iṣẹ́, ọmọ a sì kà á títí yóò fi mọ́ ọn lórí. Ohun rere ni gbólóhùn wọ̀nyí ń sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìyá àgbà náà yóò fọwọ́ sí bí ó bá gbọ́ ọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìyá àgbà kò lè gbọ́ ọ. Wọ́n ti já ẹ̀kọ́ ìwà kúrò lẹ́nu ẹni tí ó ti ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni signal ti wá bá ọ̀rọ̀. Kì í ṣe Dàhòmì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Wọ́n ti lo irú rẹ̀ fún ọmọ àwọn ará Bretagne ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, wọ́n lo irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ Wales lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ngũgĩ wa Thiong'o sì kọ nípa ti Kenya nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1986. Níbikíbi tí ó dé, ẹ̀kọ́ méjì ni ó ń kọ́ ọmọ. Èkínní ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èkejì, tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ bá, ni pé ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tí ó wà ni kí ó ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì tú u fó. Ní ilẹ̀ tí a ti ń kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe òfófó, ilé-ẹ̀kọ́ sọ òfófó di ọ̀nà ìgbàlà.

Ní òdìkejì ààlà, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Gẹ̀ẹ́sì náà jẹ́ aláṣẹ, olùkọ́ wọn náà sì mú ẹgba dání, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ kàwé ní Yorùbá. Ọmọ Ìmẹ̀kọ lè bá ẹ̀kọ́ ìwà pàdé nínú Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, ní èdè kan náà tí ó fi ń kí bàbá rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìhà Faransé, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ baba ńlá kan, kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn òmìnira

Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, 1960. Ní 1962, ìwé àṣẹ ìjọba de fífi ẹgba jẹ ọmọ níyà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1975, ìjọba ìyípadà gbé ètò École Nouvelle kalẹ̀, tí ó so ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́. Òfin ìpìlẹ̀ ti oṣù Kejìlá, 1990 sọ pé gbogbo ẹ̀yà ní ẹ̀tọ́ láti lo èdè wọn ní sísọ àti ní kíkọ. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, 2015, òfin àwọn ọmọdé tún wá fi ẹ̀tọ́ ọmọ lórí ọ̀rọ̀ ìyà múlẹ̀.

Ọdún 53 ni ó wà láàárín ìwé àṣẹ 1962 àti òfin 2015. Bí ọ̀rọ̀ kan bá nílò kí a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé èyí àkọ́kọ́ kò wọlé dáadáa. Òfin lè gba ẹgba lọ́wọ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi ohun mìíràn sí i lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ọmọ pọ̀ níwájú rẹ̀ bí eéṣú, tí ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀nà mìíràn hàn án, yóò padà sí ohun tí wọ́n fi tọ́ òun náà.

Ọ̀nà mìíràn náà kò jìnnà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọn kò tilẹ̀ rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Fafunwa kan náà ni ó ti kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé títún ìwà ọmọ ṣe àti bíbọ̀wọ̀ fún àgbà wà lára òpó ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ Áfíríkà. Èdè tí ọmọ gbọ́ dénú ni ìbáwí àti ìyìn ti lè wọ inú rẹ̀.

Ohun tí ó kù lọ́wọ́ ààfin àti ẹgbẹ́

Àwọn tí ó gbé signal kọ́rùn dàgbà, wọ́n sì bímọ. Àwọn kan nínú wọn pinnu pé Faransé nìkan ni àwọn yóò fi tọ́ ọmọ tiwọn, kí ojú má baà tì wọ́n bí ó ti ti àwọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Èso rẹ̀ ni pé ọmọ-ọmọ wà ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Paris lónìí tí ó mọ orúkọ ìlú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ oríkì rẹ̀. Wọ́n bọ́ àmì náà kúrò lọ́rùn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ di ogún.

Bí ààfin àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá fẹ́ ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ kan wà tí kò ná wọn ní owó púpọ̀. Ní òpin ọdún, nígbà tí a bá ń fún ọmọ tí ó gba ipò kìíní ní ẹ̀bùn, kí a tún pe ọmọ tí ó rí owó he tí ó dá a padà, ọmọ tí ó la ìjà, ọmọ tí ó ń mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ aláìsàn wá sílé-ẹ̀kọ́. Kí a má kan pe orúkọ rẹ̀ nínú ìwé nìkan. Kí àgbà kan láti ilé rẹ̀ dìde, kí ó ki í níwájú olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ méjì wà níbẹ̀. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó wà nínú kíláàsì ní agbègbè yìí. Ọmọ Fọ̀n àti ọmọ Gùn jókòó ti ọmọ Nàgó, wọ́n sì ní oríkì ìdílé tiwọn, tí wọ́n ń pè ní akọ mlanmlan. Bí a bá ki ọmọ Nàgó tí a fo ọmọ Gùn, a ti gbé àmì tuntun kọ́ ọmọ olọ́mọ lọ́rùn. Bákan náà ni ti ìdílé ọba: bí ó bá jẹ́ ọmọ ààfin nìkan ni a ń kì, àwọn yòókù yóò kọ́ pé ibi tí a ti bí ènìyàn ju ìwà rẹ̀ lọ. Èyí kì í ṣe ohun tí Ẹ̀fẹ̀ kọ́ni.

Kò sí ìdílé kan ní ilẹ̀ yìí, ì báà ṣe ti àgbẹ̀, ti alágbẹ̀dẹ tàbí ti ọba, tí kò ní ohun rere kan tí a lè fi ki ọmọ rẹ̀. Àwọn tí ó mọ oríkì wọ̀nyí ṣì wà láàyè ní abúlé Adja-Ouèrè àti ní àyíká rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dàgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ kò jìnnà sí ilé wọn. Ó kù kí ẹnìkan ránṣẹ́ pè wọ́n.