Ìtọ́jú Atrial Fibrillation Lára Ẹni tí Ọkàn Rẹ̀ Kò Lágbára Mọ́

Nínú atrial fibrillation, yàrá òkè ọkàn méjèèjì a máa gbọ̀n rìrì dípò kí wọ́n fún pọ̀ dáadáa, ọkàn yóò sì máa lù ségesège, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú eré àsápajúdé. Àìsàn yìí àti àìlágbára ọkàn kì í pẹ́ pàdé: ọkàn tí kò sinmi eré á rẹ̀, èyí tó rẹ̀ á fẹ̀, yàrá òkè tó fẹ̀ á sì tún dá ségesège náà sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni dókítà kọ́kọ́ ń rò. Èyí tó dúró sójú kan nínú yàrá òkè lè dì, kó gba ọpọlọ lọ, kó sì fa rọpárọsẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ aláìsàn yìí fi ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kódà bí ọkàn bá ti padà ń lù déédéé. Apixaban àti rivaroxaban ti gba ipò warfarin lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ dókítà. Àmọ́ fún ẹni tí rheumatic fever ti ba fálìfù ọkàn rẹ̀ jẹ́, ìwádìí INVICTUS ti ọdún 2022, tí wọ́n ṣe ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn tó lo warfarin kú kéré sí àwọn tó lo rivaroxaban. Kò yẹ kí dókítà ilẹ̀ wa fojú fo èyí.

Lẹ́yìn náà ni dídẹ eré ọkàn. Bisoprolol àti carvedilol ló wọ́pọ̀. Digoxin náà ṣì wúlò, ọmọ ìyá oògùn inú ewé foxglove tí William Withering kọ̀wé lé lórí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1785. Verapamil àti diltiazem kò yẹ ẹni tí agbára ìfẹ̀jẹ̀jáde ọkàn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Títún lílù náà fúnra rẹ̀ ṣe ńkọ́? Ìwádìí AF-CHF dáhùn lọ́dún 2008 pé kò sí èrè kankan níbẹ̀. Nínú aláìsàn 1,376, àrùn ọkàn pa ìdá 27 nínú 100 àwọn tí wọ́n tún lílù ọkàn wọn ṣe, ó sì pa ìdá 25 àwọn tó kù. Lójú tèmi, oògùn ìgbà náà ló kù díẹ̀ káàtó: amiodarone a máa ba ẹ̀dọ̀fóró àti ẹṣẹ́ thyroid jẹ́.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1998, Michel Haïssaguerre àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux ti rí i pé inú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró ni ségesège náà sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà lè ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan itan dé ọkàn, kó sì jó etí ẹnu àwọn iṣan wọ̀nyẹn. Nínú ìwádìí CASTLE-AF (2018), ìdá 28.5 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló kú tàbí tí àìlágbára ọkàn dá padà sí ọsibítù. Ti àwọn tó kù jẹ́ 44.6. Èèyàn 363 péré ni wọ́n ṣírò, láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n yẹ̀ wò, nítorí náà kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló bá wọn mu.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, wọ́n lè jó ojú ọ̀nà tí iná ọkàn ń gbà sọ̀kalẹ̀, kí ẹ̀rọ máa darí yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì. Ọkàn á gbára lé ẹ̀rọ náà títí láé, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi kọ́kọ́ ṣe é.