Àwọn Ọwọ́ tí Oúnjẹ Ń Gbà Kọjá

Ìwọ ọmọ tí ò ń gbé ní Opebi, ní Ìkẹjà tàbí ní Agége, bóyá o ti kíyè sí i pé nígbà tí a bá ń kó àwo kúrò lórí tábìlì lálẹ́, èbà a máa ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tó òkèlè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí a ó sì dà á sínú garawa ìdọ̀tí. Kò jọ nǹkan kan lójú ẹni tí ó ti yó. Jẹ́ kí n sọ ìtàn gààrí kan fún ọ.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń pè ní Ogun Hitler, oúnjẹ wọ́n gógó ní Èkó. Ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá kò tí ì sí ní Ìkẹjà nígbà náà. Abúlé oko àwọn Àwórì ni Opebi. Ní ọdún 1941, ìjọba Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti fi òfin de iye owó oúnjẹ ní Èkó. Kápítéènì A. P. Pullen ni ó ṣe àbójútó rẹ̀, òun ni a sì fi ń pè é ní ètò Pullen. Gààrí wà lára ohun tí òfin náà mú.

Ètò náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n iye tí ìjọba ní kí àwọn obìnrin ọjà máa ta gààrí kéré sí iye tí wọ́n fi ń rà á lóko. Ta ni yóò ra ọjà ní ṣílè méjì tí yóò tà á ní ṣílè kan? Gààrí sá kúrò lórí àtẹ, ó wọ ọjà fàyàwọ́. Ìjọba ṣí ọjà tirẹ̀; àwọn ènìyàn tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì padà sílé pẹ̀lú igbá òfìfo. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kó wọn jọ láti tako ètò náà. Kò kàwé, ṣùgbọ́n lójú tèmi ó mọ ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé ọjà ju àwọn tí ó kọ òfin lọ. Ní oṣù Òkúdu 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yanṣẹ́lódì nítorí ọ̀wọ́n ọjà, wọ́n sì lò ju oṣù kan lọ. Nígbẹ̀yìn, ètò Pullen dópin.

Gààrí tí ó wà ní ọjà fàyàwọ́ jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀gẹ́ kò tán lóko. Àárín oko sí ẹnu ni nǹkan ti bàjẹ́. Ronú nípa àwọn ọwọ́ tí ó wà láàárín náà. Ẹ̀gẹ́ a máa wà nínú ilẹ̀ tó nǹkan bí ọdún kan, àgbẹ̀ a sì máa ro ó. Wọn a hú u, wọn a bó o, wọn a rin ín, wọn a dì í sínú àpò, wọn a gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan, kí omi inú rẹ̀ tí ó ní májèlé sì ro dànù. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan yóò jókòó ti iná, tí èéfín yóò máa ta á lójú, tí yóò máa yan án. Ọlọ́kọ̀ yóò gbé e, ìyálọ́jà yóò wọ̀n ọ́n, ìyá rẹ yóò tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tìrẹ ni ó kẹ́yìn. Nígbà tí àwọn ọwọ́ àárín kùnà, gbogbo Èkó pariwo. Nígbà tí ọwọ́ ìkẹyìn bá kùnà, garawa nìkan ni ó ń gbọ́.

Ní ọdún 1940, ìjọba Ìlú Ọba ṣòfin pé ẹni tí ó bá fi oúnjẹ ṣòfò yóò jẹ̀bi. Èmi kò fẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. A ti rí ibi tí òfin bá gààrí dé. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Gààrí a máa wú nínú omi gbígbóná, ojú ọmọ tí ebi ń pa kì í sì í rántí èyí. Bẹ ìyá rẹ pé kí ó jẹ́ kí o máa wọn tìrẹ fúnra rẹ. Wọn ìdajì ohun tí ojú rẹ fẹ́. Bí o bá jẹ ẹ́ tán tí ebi kò tí ì lọ, ike gààrí ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, omi sì ń gbóná lórí iná.