Ẹ̀bi Onígbàgbọ́ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ní ọjọ́ Àìkú tí a bá ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nínú àwọn ìjọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, láti Ayépé títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn àgbàlagbà kan wà tí kì í dìde. Láti kékeré ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi. Wọ́n ń san owó ìjọ. Bí ìkórè bá dé, wọn kì í gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ìyàwó kejì, nítorí náà orí ìjókòó ni wọ́n máa ń wà títí ìsìn yóò fi parí. Ǹjẹ́ onígbàgbọ́ tí ó bá dẹ́ṣẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìdálẹ́bi? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn nìkan. Ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ilé Ìjẹ̀bú fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ìwé Róòmù wà lára ohun tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí Yorùbá. Ọdún 1850 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní orí kẹjọ ìwé náà, Pọ́ọ̀lù sọ pé a kò dá àwọn tí ó wà nínú Kírísítì lẹ́bi mọ́. Ẹ̀bi sì ni ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá lò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni. Bí olórí ẹbí bá parí ìjà, ẹnì kan a jàre, ẹnì kejì a jẹ̀bi. Ẹni tí ó jẹ̀bi a dọ̀bálẹ̀, a tọrọ àforíjì, a san ohun tí wọ́n bá ní kí ó san, a sì padà sí ipò rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra.

Àwọn Ìjẹ̀bú kò tètè gba àwọn míṣọ́nárì láàyè. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Òfin kan sì ti ń dúró de àwọn tí ó yan Ìjọ Áńgílíkà. Ní ọdún 1888, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth, ní Lọ́ńdọ̀nù, ti pinnu pé kí a má ṣe rì olóbìnrin púpọ̀ bọmi; kí a máa kọ́ ọ títí yóò fi lè gba òfin Kírísítì. A lè rì àwọn ìyàwó rẹ̀ bọmi nígbà mìíràn. Ta wá ni ó gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó tí ọkọ yóò kọ̀ sílẹ̀ kí ọkọ náà tó lè ṣe ìrìbọmi? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Àwọn kan kò dúró. United Native African Church tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1891, àti African Church tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1901, gba olóbìnrin púpọ̀ láàárín ọmọ ìjọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlùfáà African Church kò gbọdọ̀ ní ju ìyàwó kan lọ. Ní Ìjẹ̀bú-Òde fúnra rẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ St Saviour's ní ọdún 1918. Ní ọdún 1922 wọ́n ya kúrò nítorí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti nítorí pé àdúrà nìkan ni wọ́n fẹ́ fi wo àìsàn. Oògùn tí onígbàgbọ́ ń lò láìjẹ̀bi nínú ìjọ bàbá rẹ̀ wá di ẹ̀bi lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí. Ẹ̀bi tí ìjọ ń dáni lè yí padà láti ojúlé kan sí èkejì. A kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀bi níwájú Ọlọ́run.

Ní ọdún 1988, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, àpérò Lambeth yí ohùn padà: a lè rì olóbìnrin púpọ̀ tí ó gbàgbọ́ bọmi pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú wọn bá wà láàyè. Kò sí ẹni tí yóò fipá mú un kọ ìyàwó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ti ìta bọ̀ ni ìpinnu yìí ràn lọ́wọ́. Ẹni tí a ti rì bọmi kí ó tó fẹ́ ìyàwó kejì ṣì wà lórí ìjókòó.

A kò sọ pé kí ìjọ má bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí. Ní orí kẹfà ìwé Róòmù kan náà, Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi oore-ọ̀fẹ́ ṣe ìbòjú fún ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kejì tí ó kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárí ji ẹnì kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti bá wí, kí wọ́n sì tù ú nínú, kí ìbànújẹ́ má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ìbáwí tí Pọ́ọ̀lù mọ̀ ní òpin. Èyí tí kò ní òpin ti di ìdálẹ́bi, ohun tí Róòmù kẹjọ sì sọ pé kò sí mọ́ ni. Bí bàbá arúgbó bá lé ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nítorí kí ó lè jẹ Ara Olúwa, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni ó dá. Ìjọ ni ó yẹ kí ó wá ọ̀nà tí yóò fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra kí ikú tó dé.